Tannápoṣó

Ọ̀gá Súnmọ́nù ṣí ìwé àwòrán lé orí itan
lábẹ́ igi dòǹgóyárò, lẹ́bàá ọ̀nà Jẹ́ríkò,
níbi tí eruku ọkọ̀ ti ń fi àtíkè kun ewé.
"Ìyàwó, mú ọ̀kan.
Èyí tó ń ṣàn wálẹ̀ bí omi, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún?
Èyí tó rí roboto, tó dì gbagidi?
Àbí èyí tó dà bíi pé wọ́n kàn já a lóko?
Ìyẹn ló wọ́n jù."
Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tó jọ ọ̀fẹ́ ló wọ́n jù ní Ìbàdàn.

Ìyá Akínlàbí fẹ́ róòsì funfun láti Jọ́ọ̀sì,
èyí tí wọ́n ń fi yìnyín tọ́jú wá bí ẹja.
Àǹtí Bídèmí nawọ́ sí òdòdó oníke:
"Kò ní rọ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, o gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n."
Mo gbọ́ òórùn rẹ̀: bàtà tuntun.
Òdòdó ni lóòótọ́, òdodo ni kò sí nínú rẹ̀.
Akínlàbí ní èyíkéyìí tí mo bá mú ti dára.
Mo wò ó. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ìfẹ́ nìyẹn, tàbí ebi.

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ní tannápoṣó?"
Ó pa ìwé dé.
"Èyí tó ń hù lẹ́yìn balùwẹ̀?
Ta ní ń fi owó ra ìyẹn?"

Lẹ́yìn balùwẹ̀ wa ní Òkè-Àdó ló wà ná,
ó pọ́n bí omi sóbò.
Gbogbo ọ̀sán ni í dijú, bí ẹni tó ń sá fún olówó èlé.
Tí oòrùn bá ti wọ ẹ̀yìn páànù tó dípẹtà,
á bẹ̀rẹ̀ sí í là, lọ́kọ̀ọ̀kan,
ìyá mi á ní, "Ó ti yá, ẹ gbé ìkòkò kaná."
A ò ní aago tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà.
Ọdún kẹfà rèé tí kò ti sí ẹni tó ń ka aago yẹn.
Ó ń là síbẹ̀.

"Bí a bá já a," Ọ̀gá Súnmọ́nù ní,
"kó tó di ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti rọ.
Aago mẹ́wàá sì ni ìsìn yín. Kò ní tíì jí."
Òótọ́ ló sọ. Mo dákẹ́.
Ọkọ̀ epo kan kọjá, gbogbo ewé mì.

Ó wá fi ìka ha irùngbọ̀n:
"Ká má já a. Ká hú u tòun ti erùpẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ìkòkò kékeré kan, èyí tó ṣeé gbé sápá bí ọmọ.
Mi ò mọ orúkọ tí irú iṣẹ́ yẹn ń jẹ́ nínú ìwé yìí."

Ìyá Akínlàbí, ẹ má bínú,
róòsì yín yóò wà lórí tábìlì.
Aṣọ mi yóò ní erùpẹ̀ díẹ̀ níbi ìgbọ̀nwọ́.
Ní aago mẹ́wàá, níwájú àlùfáà, n ó gbé ewé,
ewé lásán, ẹnu rẹ̀ pa mọ́.
Ẹ ó máa wo ara yín lójú.
Kí ayàwòrán ṣáà má tètè lọ.
Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń ká àga,
tí àwọn ọmọdé ti sùn sí ẹsẹ̀ ìyá wọn,
ẹ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ ò ní pẹ́:
ẹnìkan fẹ́ sọ fún wa pé ó ti yá,
ká gbé ìkòkò kaná.