Pupa Lọ, Kò Dágbére

Òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ Bọ̀dá Múfútáù lówó iṣẹ́ wáyà
kò rówó san. Wọ́n gbé àpótí gíláàsì fún un,
omi iyọ̀ nínú rẹ̀, àti iyùn tó ṣì ń mí.
A gbé e gba ọ̀nà tóóró Òkè-Pópó,
omi ń dà sí wa lẹ́sẹ̀, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wa
bí ẹni ń sin ìyàwó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, iyùn náà ṣú bí omi tíì àná.
Ìyá Àgbà wò ó, ó yínmú:
"Ṣé eléyìí lẹ ń pè ní iyùn?"
Ó fọwọ́ kan tọrùn rẹ̀, èyí tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀,
pupa fòò.

Bọ̀dá ní kì í ṣe ẹ̀bi iyùn.
Ó ní àwọn ayálégbé kéékèèké ń bẹ nínú ẹran ara rẹ̀,
tí í fi ìmọ́lẹ̀ dáná, tí í bu oúnjẹ fún onílé;
bí wọ́n bá pọ̀ jù, àwọ̀ tiwọn ni gbogbo ilé ń gbé wọ̀.
Ó yọ gílóòbù funfun, ó fi búlúù sí i,
búlúù bí aṣọ tó mu aró lẹ́ẹ̀méje,
ó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Oṣù kejì, n kò ní orúkọ fún ohun tí mo rí.
Pupa, dúdú, funfun:
ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo bá lẹ́nu àwọn baba mi.
Wọ́n ti tó mi ná ọjà Ìdúmọ̀tà;
wọn kò tó mi níwájú gíláàsì yìí.
Mo ní, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀.
Mo ní, bí ọrùn ẹyẹlé.
"Agboòrùn ló ń dá fún ara rẹ̀," ni Bọ̀dá wí,
"kí iná má baà jó o. Ẹwà tí ẹ ń wò yẹn, ààbò ni."

Ìyá Àgbà sún àga mọ́ ọn. Ó na ọrùn sábẹ́ gílóòbù,
ó rí àyà ara rẹ̀ nínú gíláàsì,
ó pariwo: "Ta ló jí pupa mi?"
Ìlẹ̀kẹ̀ ti di dúdú bí kóró iṣin.

Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Ó ní nísàlẹ̀ òkun tí wọ́n ti hú u,
kò sẹ́ni tó rí pupa rẹ̀ rí; omi ti gbé pupa mì
kó tó débẹ̀. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ bá gbé wá
ni ìlẹ̀kẹ̀ fi ń ṣe é lálejò.
Gílóòbù yìí kò mú pupa wá.

Ó dákẹ́ pẹ́. Ó nàka sínú omi:
"Èyí ńkọ́? Búlúù lẹ fún un, àwọ̀ ewé ló fi ń san."
"Òun wà láàyè, Màmá."

Wọ́n múná lọ.
Bọ̀dá ń fẹsẹ̀ wá bàtà, kó lọ tan jẹnẹrétọ̀.
Èmi jókòó, mò ń rò ó: ìlẹ̀kẹ̀, iyùn, ọwọ́ ara mi,
ta ló ní àwọ̀ nínú wa báyìí?

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Ìyá Àgbà ti wà lójú fèrèsé,
ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́, ó ń dúró de oòrùn
kó gorí páànù ilé òdìkejì.
Ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan
bí owó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san padà.