Ojú Àpá

Ní ìdí òkè Ṣábẹ̀ẹ́,
níbi tí koríko ti bo irin rélùwéè mọ́lẹ̀,
ìyá mi Abíọ́nà ń fọ́ òkúta.
Kó. Kó. Kó.
Táyà ògbólógbòó lábẹ́ ìdí, àkísà lọ́wọ́ òsì,
garawa mẹ́wàá kí kámíọ̀nù tó dé.
Ó ní òkúta kì í dàgbà.
Ó ní bí Elédùmarè ṣe gbé e kalẹ̀ ló ṣe wà.

Ọ̀gá kan wá láti Kàláfì nígbà ọyẹ́, Klòtíìdì,
òòlù kékeré ní ìbàdí,
kọ́ńpáàsì lọ́wọ́ tó ń gbọ̀n bí àyà òròmọdìyẹ.
Èmi ni mo mú un gòkè,
èmi tí mo mọ ihò tí òòrẹ̀ ń sùn.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan àpáta, ó ní,
“Eléyìí ti ṣàn rí, bí ẹ̀kọ gbígbóná.”

Ó ní ilẹ̀ méjì ló ń bọ̀ wá pàdé.
Òkun kan wà láàárín wọn;
wọ́n gbé e mì.
Wọ́n kàn bí àgbò méjì,
àmọ́ ìkàn kan ṣoṣo yẹn gba ẹgbàágbèje ìran,
bí ìran bá ti wà nígbà náà.
Ilẹ̀ ká jọ, ó wú, ó ga,
ó ga débi pé kò sí ẹyẹ tó lè fò ó kọjá,
torí kò tíì sí ẹyẹ.
Kò sí koríko. Kò sí etí
tí yóò gbọ́ ariwo náà.
Lẹ́yìn náà òjò jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ pọ́n ọn lá,
ohun tí à ń pè ní òkè lónìí,
kùkùté ni.

A rìn síhà Òpárá títí oòrùn fi kan àtàrí.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, “Wò ó. Ibí ni ilẹ̀ ti ya.”
Mo retí ọ̀gbun.
Ìlà dúdú kan ni mo rí, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́,
tó wọ abẹ́ oko ẹ̀gẹ́, tó ń lọ síhà àríwá.
Apá kan ń lọ sókè, apá kan ń bọ̀ nísàlẹ̀,
wọ́n ń ha ara wọn bí ọlọ àti ọmọ ọlọ,
ohun tí wọ́n lọ̀ kúnná ṣì wà níbẹ̀,
kò sẹ́ni tó kó o.

Mo rántí bàbá mi àti Ọdẹ́gbàmí àbúrò rẹ̀.
Wọn kò jà. Kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe.
Ọdọọdún, pẹrẹgun ààlà ń sún díẹ̀,
títí a fi sin ọ̀kan láìsí èkejì nídìí sàárè.

Klòtíìdì ń kọ nǹkan sínú ìwé.
Mo bi í bóyá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń san.
Ó nàka sí okùn funfun kan láàárín àpáta:
omi gbígbóná gba ojú ọgbẹ́ náà gòkè,
ó fi òkúta mìíràn rán an.

Mo sáré délé. Mo rò ó fún ìyá mi,
mo ti ń fẹ́ sunkún, n kò mọ ìdí.
Ó ṣa òkúta kan tó ní okùn funfun nínú,
ó gbé e sórí ìdábùú, ó lù ú.
Ó fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá. Kò fọ́ lójú àpá.
“Mo ti mọ ìyẹn tipẹ́,” ni ó wí.
“Ibi funfun yẹn ló máa ń ba òòlù mi jẹ́.”

Ó dákẹ́. Ó gbọn eruku kúrò lójú.
“Ọdún mélòó lo ní ó pé?”
Mo ní, ẹgbẹ̀ta mílíọ̀nù.
Ó wo garawa mẹ́wàá tó tò sẹ́bàá ọ̀nà.
“Igba fàráǹkì ni wọ́n ń rà á.”
Kó.
Kó.