Ìlà Kẹta

Ní ilé owó-orí ní Àjàṣẹ́
akọ̀wé fi bírò kan ìlà kẹta:
"Ọmọ mélòó lẹ ń bọ́?"
Mo ní méjì. Mùtíátù. Wàsí.
"Orúkọ tiyín kọ́ ni wọ́n ń jẹ́."

Òótọ́ ni. Bàbá wọn wọkọ̀ lọ sí Gàbọ̀n
nígbà tí Wàsí ṣì ń rákòrò.
Lẹ́tà kan ló dé. Kò sí àdírẹ́sì lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo pọn Mùtíátù
la omi òjò já dé ọsibítù,
tí ibà rẹ̀ ń jó mi lẹ́yìn gba inú ẹ̀wù.
Ìwé náà kò ní àyè fún ibà.

"Ẹ̀yin àti ìyá wọn, ṣé ẹ ti dé mẹ́ẹ̀rì?"
Owó mẹ́ẹ̀rì ti di owó ilé-ìwé, lẹ́ẹ̀mejì.
Ó rẹ́rìn-ín: "Igba ojú ní í wo ọmọ, ọ̀gá,
ojú kan ni ìlà yìí gbà."
Ó kọ òdo.

Mo délé, Wàsí na ìwé sí mi:
"Ẹ bá mi fọwọ́ sí i, ibi tí wọ́n kọ *Òbí* sí."
Bírò mi da íǹkì díẹ̀.
Ó ní tíṣà ò ní bínú.