Ọgbà Àgùntàn, Aago Mẹ́wàá

Oṣù Kejì. Yìnyín ṣì dé òkè ní fìlà.
Mo tẹ́ máàpù sórí tábìlì ilé ìdáná,
mo fi ìgò iyọ̀ tẹ igun kan, mo fi ife tíì tẹ èkejì,
ológbò wá jókòó lé gbogbo ìwọ̀-oòrùn.
Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní kí n ṣètò,
ọjọ́ mẹ́ta tí agboolé MacGorrie yóò tún foríkorí,
láti Kánádà, láti Niu Silandi, láti Karoláínà,
àwọn tí òkun kó lọ,
àti àwa tí òkun ò rí kó.

Bọ́ọ̀sì Murdo gba èèyàn mọ́kàndínláàádọ́ta.
Àwọn tó ti sanwó jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Murdo tún ní afárá Ruadhan ò lè gbé wọn,
ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ín kọjá,
òun á wa bọ́ọ̀sì òfìfo tẹ̀lé wọn jẹ́jẹ́
bí ajá darandaran.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo pa á rẹ́. Mo tún kọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì: ijó ní gbọ̀ngàn.
Afọnfèrè alápò kan ṣoṣo tó kù lábúlé
ti lé lọ́gọ́rin ọdún, èémí rẹ̀ ò tó orin mẹ́ta;
a ó jẹ́ kó fọn méjì, ká wá pàtẹ́wọ́ pẹ́.
Ẹ má fi Gavina jókòó ti Struan.
Ogún ọdún ni wọn ò ti kí ara wọn
nítorí àgbò kan tó fo wáyà.
Àgbò náà ti kú. Ìjà náà ń jẹ koríko lọ.

Ọ̀gbẹ́ni kan láti Karoláínà béèrè
bóyá òjò máa ń rọ̀ ní Skọ́tílándì lóṣù Keje,
àti pé àwọ̀ wo gan-an ni aṣọ ìdílé wa.
Ó wù mí kí n sọ pé àwọ̀ ẹrẹ̀ ni.
Mo kọ pé: àwọ̀ ewé àti búlúù. Ó ti rán tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà Thelma dé láti Dunedin.
“Ẹsẹ̀ mi ò dá mọ́. Mi ò bèèrè ààfin.
Ẹ ṣáà mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé Seonaid,
ìyá ìyá ìyá mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án
tó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan kí ọkọ̀ tó ṣí.
Mo fẹ́ fọwọ́ kan òkúta àtẹ́rígbà.”

Òkúta àtẹ́rígbà. Mo mọ ibi tó wà.
Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, ẹnikẹ́ni kì í sọ ọ́.
Nígbà tí onílẹ̀ fẹ́ràn àgùntàn ju èèyàn lọ,
tí wọ́n tiná bọ òrùlé Seonaid,
bàbá bàbá bàbá tèmi kọ́ ló dáná;
òun ló kó òkúta nígbà tí iná kú,
ó fi mọ ọgbà fún àgùntàn onílẹ̀.
Owó iṣẹ́ yẹn la fi dúró.
Òun ni mo fi ń pe ibí ní ilé.
Àtẹ́rígbà Seonaid ló wà lẹ́nu géètì,
ara àgùntàn ti fi irun dán an bí àwo.

Fergus alága ní ká kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń pọn ọtí,
ká kó wọn lọ sí odi wíwó tó dára nínú fọ́tò.
“Ẹni tó sanwó wá gbafẹ́,
ta ní í hú egungun síwájú àlejò?”
Ó dá a lójú pé ó gbọ́n. Mo bu tíì sí i fún un.

Nígbà tó lọ, mo gbé ológbò kúrò lórí máàpù.
Mo kọ ọ́: Àbámẹ́ta, ọgbà àgùntàn, aago mẹ́wàá.
Ẹ wọ bàtà òjò.
Mo ti ka ìṣísẹ̀ láti ojú títì: igba ó lé mẹ́rìnlá.
Mo ní kí Murdo wá àga onígi méjì lápá
tí èèyàn méjì lè fi gbé Thelma.
Mi ò tíì mọ ohun tí ẹnu mi máa sọ.
Bóyá ma kàn nawọ́ sí òkúta náà,
bóyá òjò á bá mi sọ díẹ̀ níbẹ̀.
Àmọ́ èmi ni ma di apá ọ̀tún àga yẹn mú.
Kí ẹnikẹ́ni má bá mi dù ú.