Ohun Tí A Wí, Ohun Tí A Rí

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo máa ń fi rúlà fa ìlà sáàárín ìwé.
Lápá òsì mo kọ ọ́ pé: Ohun tí a wí.
Lápá ọ̀tún: Ohun tí a rí.
Apá ọ̀tún á sùn lófìfo mọ́jú.

Ilé búrẹ́dì wa fẹ̀yìn ti àpáta ní Ìtòkò;
bí ààrò bá gbóná, àpáta náà á gbóná,
àwọn ewúrẹ́ àdúgbò á wá sùn sí i lára.
Ìyá Ṣólàńkẹ́ ló dá a sílẹ̀,
obìnrin tí í pèrò títí ilẹ̀ fi ń mọ́:
"Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó gbé búrẹ́dì dé Ìmálà,
a ó ra ọkọ̀, a ó kun ilé ní àwọ̀ ọsàn."
Kò ka iye tó jáde nínú ààrò rí.
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó ní.
Ọkọ̀ tó rà ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò,
adìẹ ń yé sórí ìjókòó rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ló gorí àga lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Ṣówẹ̀mímọ́,
kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì.
Òun kì í pète ohunkóhun; kíkà ló ń kà.
Ó ka àpò, ó ka ọ̀rá, ó ka igi ìdáná,
ó ka iye ìgbà tí Mùdáṣírù lọ sílé ìtọ̀.
Mo bi í lọ́jọ́ kan: "Ọ̀gá, mélòó ló yẹ kó jẹ́?"
Ó wò mí bí ẹni tí a jí lójú oorun.

Ẹni tí kò sọ ibi tó ń lọ,
ta ni yóò sọ fún un pé ó ti ṣìnà?
Ẹni tó sì sọ ọ́, tí kò wojú ọ̀nà,
ó wọkọ̀ Láfẹ́nwá, Ṣàgámù ló ti máa jí.

Ni èmi Ìbídùnní akọ̀wé bá ra ìwé kan ní Sàpọ́n.
Àpò ìyẹ̀fun kan: búrẹ́dì márùndínlọ́gọ́rùn-ún.
Mo kọ ọ́ sí òsì. Ilẹ̀ mọ́, mo kà.
Méjìdínláàdọ́rùn-ún.
Ọjọ́ kejì, méjìdínláàdọ́rùn-ún.
Ọjọ́ kẹta, òun náà ni, kò yẹ̀.

Ọ̀gá na ìka sí Mùdáṣírù.
Mùdáṣírù, tó ti ń po ìyẹ̀fun nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù,
kò bú, kò bẹ̀.
Ó nu ọwọ́, ó lọ jókòó sórí àpáta láàárín àwọn ewúrẹ́.

Èmi ò lè sùn.
Olè kì í jí méje, kó tún jí méje, kó tún jí méje;
ọ̀fun olè a máa fẹ̀ sí i ni.
Mo mú páálí ṣúgà tí a kò tíì já,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta gíráàmù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i lára,
mo gbé e lé òṣùwọ̀n.
Òṣùwọ̀n ní: ọ̀tàlénírinwó.

Ohun tí a fi ń ṣọ́ wa, ẹnìkan ò ṣọ́ ọ.
Búrẹ́dì méje kò sọnù; a ti pín wọn wẹ́wẹ́ sínú àwọn yòókù,
gbogbo Ìjẹmọ̀ ń jẹ èènì, wọn ò mọ̀.

Ọ̀gá ṣí fìlà, ó gun àpáta lọ bá Mùdáṣírù.
N kò gbọ́ ohun tó wí.
Mo rí i pé wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀.

A tún òṣùwọ̀n ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé,
oníbàárà wa ní Kútọ̀ ní búrẹ́dì ti rù.
Òótọ́ ló sọ. Ohun tí a rí tún bá ohun tí a wí jà.
Lálẹ́ mo pa márùndínlọ́gọ́rùn-ún rẹ́,
mo kọ méjìléláàdọ́rùn-ún, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀:
láràárọ̀, kọ́kọ́ wọn ṣúgà.

Wọ́n ní ọ̀tún ní í wẹ òsì.
Ojú ìwé ni mo ti rí i.
Mo pa iná. Apá kan ṣì funfun.