Ìmọ̀ràn Ayàwòrán Mọ́kọ́lá fún Ìbíyẹmí tó ń lọ sí Róòmù

Jókòó. Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Má rẹ́rìn-ín.
Ẹ́ńbásì kò fẹ́ rí eyín ẹnikẹ́ni.
Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo so aṣọ funfun yìí mọ́ ògiri,
tí mo ń ya orí àwọn tó ń lọ,
èmi tí n kò kọjá Ìlọrin rí.

Ṣùgbọ́n Ìbíyẹmí, mo mọ Róòmù.
Àwọn tó bá padà dé a máa wá ya òmíràn,
wọn á jókòó sórí àpótí tí o jókòó sí yẹn,
wọn á ní, "Bàbá Fọ́tò, ẹ ò ní gbà gbọ́."
Mo gbà gbọ́.
Mo kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ bí ẹni kó fíìmù pamọ́.

Nítorí náà, má wọ bàtà gogoro.
Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì níbẹ̀, wínníwínní bí eyín àgbàdo.
Àlájà Mọdínà tó lọ ra bàtà wá tà ní Gbági,
gìgísẹ̀ méjèèjì kán kó tó dé ìsọ̀ àkọ́kọ́,
ẹsẹ̀ lásán ló fi wọlé oníbàtà.
Wọ́n rò pé ó wá ṣagbe ni.
Igba bàtà ló rà.

Má ra omi. Ẹ̀rọ omi wà lójú títì,
ó ń tú tọ̀sán-tòru, kò sẹ́ni tó ń tì í.
Nígbà tí Rántímí sọ èyí, mo ní kó tún un sọ.
Mo wo kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi,
èyí tí mo fi ń pọnmi láti Sábó.
Mo dákẹ́.

Kọfí? Ìdúró ni kí o ti mu ún.
Bí o bá fìdí kan àga pẹ́nrẹ́n, owó ìjókòó ń bọ̀.
Mú ìborùn aláró ìyá rẹ dání,
wọn kì í fẹ́ rí èjìká nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn.
Bí bọ́ọ̀sì bá kún, gbé báàgì síwájú bí aboyún;
olè ibẹ̀ wọ táì, á tún tọrọ àforíjì.

Orísun kan wà tí wọ́n ń ju owó sí
kí ẹsẹ̀ lè tún padà débẹ̀.
Alàgbà Ládìtí ju kọ́bọ̀ ayé àtijọ́.
Kò tíì padà. Bóyá omi náà ò mọ owó wa ṣẹ́.

Ògiri tó ti wó, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gé kí èèyàn tó wò ó.
Ti bàbá mi náà wó ní Bẹẹrẹ,
ewúrẹ́ ló ń wò ó lọ́fẹ̀ẹ́.
Mo ní má rẹ́rìn-ín!

Ó ku ọ̀kan. Lọ́la, kí o tó gba Èkó lọ wọ bàálù,
lọ sí Òkè Ààrẹ, gun àtẹ̀gùn Láyípo,
yí i, yí i, títí òyì á fi kọ́ ọ.
Wá Ilé Kòkó, kí o yà sọ́tùn-ún,
wá páànù mi láàrin páànù.
Nítorí ẹnìkan á bi ọ́ lórí òkè kan níbẹ̀ pé
báwo ni ìlú tìrẹ ṣe rí bí èèyàn bá wò ó látòkè.
Ọmọ mẹ́rin tí mo ya ni kò rí èsì fọ̀.

Ó tán. Mẹ́rin ni o sanwó fún.
Jókòó padà.
Ẹ̀karùn-ún yìí, ti ògiri mi ni. Rẹ́rìn-ín báyìí.
Bí o bá sì dé, wá sọ fún mi
bóyá omi yẹn ṣì ń tú.