Bí Wọ́n Bá Ti Ń Wo Aago

Aago mọ́kànlá ti lù kọjá ní Dundee.
Ìkùukùu gòkè láti ojú odò Tay,
ó gbé afárá mì, ó ku iná pupa kan ṣoṣo.
Struan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú mọ́tò,
ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún,
ọ̀rá pàǹtí dúdú méjì lórí itan rẹ̀.
Mo ní kó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ní rárá.
Ohun tó bá ṣẹ́ kù síni lọ́wọ́, a kì í jù ú sẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti ń ti orí àga ilé ọ̀rẹ́ kan
bọ́ sórí àga ilé òmíràn.
Ó mọ àga tó gba ẹsẹ̀, ó mọ èyí tí kò gbà á,
ó mọ ilé tí bàbá wọn kì í sọ̀rọ̀, tó kàn ń wo aago.
"Bí wọ́n bá ti ń wo aago," ó ní,
"èmi náà á máa wá bàtà mi."

Kì í ṣe pé kò nílé o.
Ilé wà ní Lochee, àjà kẹta,
aṣọ ojú fèrèsé rẹ̀ aláwọ̀ ewé.
Ọkọ tuntun ìyá rẹ̀ ló pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ Ajé.
Ìyá fúnra rẹ̀ ló kó aṣọ ọmọ sínú ọ̀rá,
ó ká a, ó tilẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́,
àfi bí ẹni ọmọ rẹ̀ ń lọ lo ìsinmi.
Ọdún mẹ́sàn-án rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí,
mi ò tíì rí orúkọ sọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, a gbọ́.
Ọmọ tí ilé di oko mọ́ lọ́wọ́ ńkọ́?
Níbo ló ń bọ̀?

Lálẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ Bàbá Geekie ni, ní Broughty Ferry.
Awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú,
ó yọ̀ǹda yàrá kan fún wa, fún irú òru báyìí.
Kò béèrè ohun tí ọmọ ṣe.
Ó ní, "Ṣé ó máa ń jẹ ẹ̀wà lórí búrẹ́dì?"
Ó ti ti ike omi gbígbóná bọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ tèmi kò ju ìjókòó lọ.
Mo jókòó ní káńsù, nọ́ńbà méjìdínlọ́gọ́rin lọ́wọ́ mi,
wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe ogójì.
Mo jókòó ní kíṣìnì ìyá rẹ̀, tíì ń tutù láàárín wa,
ọkọ tuntun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀, kò jókòó.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọjọ́ Àìkú nìkan.
Oúnjẹ ọ̀sán. Wákàtí méjì péré."
Ìyá ń fi èékánná ha tábìlì.
"Wákàtí kan," ó ní.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni kọ owó tó wọlé.

Mi ò sọ ti Mirren fún wọn,
tó wọ bọ́ọ̀sì òru lọ sí Glasgow lóṣù kejì.
Mo ṣì ń pè é láràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.
Ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn.

Ọjọ́ kejìlá, aago méje àárọ̀, Bàbá Geekie pè.
Àyà mi já. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.
"Kò tíì tú ọ̀rá yẹn o," Bàbá ní,
"ẹnu ọ̀nà yàrá ló ṣì wà, ó so ó pa.
Ṣùgbọ́n ó ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lánàá,
ó kì í bọ inú ife, ẹ̀gbẹ́ tèmi."
Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ tí kẹ́tù ń hó.
"Pupa ni. Tèmi náà, pupa.
Mi ò mọ èwo ni mo fi fọyín láàárọ̀ yìí."